Oṣù Mẹ́fà ní Ilé Màmá Àgátà ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo lọ wá ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn bodè, ẹ wá gbọ́. Mo ti dákẹ́ tó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà dé, ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni bí ojú ọ̀nà ṣe rí àti irú aṣọ tó pọ̀ lọ́jà wọn. Èmi kò lè fi ìyẹn ṣe ìtàn. Oṣù mẹ́fà ni mo fi jókòó nílé ìyá kan tí ojú wọn kò ríran mọ́, tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìgbé ayé Jésù láti ibùjẹ ẹran títí dé orí òkè tó ti gòkè re ọ̀run. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ba ibẹ̀ jẹ́. Wọ́n sì gbà mí padà. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn.

Ẹ mọ̀ mí. Mo ṣe tíṣà níhìn-ín ní Ìlaròó títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọbìnrin mi sì ti lọ sílé ọkọ, ilé dákẹ́ jù fún mi. Obìnrin aláṣọ kan nínú ìjọ wa, tó máa ń ná ọjà Àjàṣẹ́, ló sọ fún mi pé ìyá kan wà níbẹ̀, ní àdúgbò Akron, tí wọ́n máa ń kó èèyàn jọ lọ́dọọdún láti ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró títí di Àjíǹde, tí wọ́n á sọ ìtàn Jésù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Wọn kì í wo ìwé," obìnrin náà wí. "Láti inú orí ló ti ń jáde."

Mo di ẹrù mi. Kí n má purọ́ fún yín, n kò rò pé mo fẹ́ lọ kọ́ nǹkan kan. Mo rò pé mo fẹ́ lọ ran ìyá náà lọ́wọ́ ni.

Akron

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ ìlú. Mo gun zẹ́mì, ìyẹn alùpùpù tí wọ́n fi ń kó èrò níbẹ̀. Ọkùnrin tó gbé mi bá mi sọ Faransé, mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ó tún sọ Faransé, mo tún fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. A ti kọjá àwọn ilé àtijọ́ tí ọ̀dà ara wọn ti ń ṣí, òórùn ẹja yíyan láti apá ọ̀sà ti gba gbogbo afẹ́fẹ́, kí ó tó bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Ìyá," ó ní, "ṣé ẹ ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Báyìí ni Àjàṣẹ́ ṣe kí mi káàbọ̀. Mo ti ro ara mi ní àjèjì láìbi ẹnikẹ́ni.

Màmá Àgátà jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọ́n wé gèlè pẹlẹbẹ kan mọ́ orí, ojú wọn sì funfun bí omi ẹ̀kọ. Wọ́n gba ọwọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn tẹ ìka mi.

"Ọwọ́ olùkọ́ nìyí," wọ́n ní. "Ṣọ́ọ̀kì ti jẹ ẹ́. Èmi náà, ṣọ́ọ̀kì jẹ tèmi. Faransé ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní tèmi."

Wọ́n gbé omi fún mi. Ní ìlú yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bi àlejò ní nǹkan kan kó tó mumi. Bí mo ṣe gbé ife sílẹ̀ ni wọ́n wá bèèrè àwọn tí mo fi sílẹ̀ nílé. Ó ti rẹ̀ mí, mo ní gbogbo wọn wà dáadáa.

"Mi ò bèèrè gbogbo wọn," Màmá wí. "Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo bèèrè."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Mo dárúkọ àwọn ọmọ mi, ọkọ wọn, àwọn ọmọ-ọmọ, títí kan ìyá arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. Lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, Màmá á ní, "Ṣé ara rẹ̀ le?" wọ́n á sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tí mo fi máa parí, omijé ti wà lójú mi. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tó tíì bi mí léèrè èèyàn mi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n fi ewé wé ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, àkàsà ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú ata tútù tí wọ́n lọ̀ mọ́ tòmátì àti àlùbọ́sà, ẹja díndín lórí rẹ̀. Ata náà kò fojú kan iná rárá. Mo rò pé wọ́n gbàgbé láti sè é ni. Nígbà tí mo fi máa lò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ata sísè kò wù mí mọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, a máa ń jẹ àmíwọ̀, òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi omi adìẹ àti tòmátì rò títí ó fi pọ́n. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nílé níbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Tàntí Ìlaròó ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, nítorí tàntí ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá jù wọ́n lọ. Wọ́n ń sọ Yorùbá, Nàgó ni wọ́n ń pe tiwọn, ṣùgbọ́n Faransé kún un bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kún tiwa, èdè Gùn sì máa ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Nínú ìjókòó, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tí wọ́n bá rín in tán ni èmi náà á tó rín tèmi. Èmi tí mo máa ń fi ojú lásán pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ ni mo wá ń dúró de ẹni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi.

Ìjókòó

Àwa díẹ̀ la máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Obìnrin nọ́ọ̀sì kan wà, akọ̀wé méjì, àti Sẹ̀tọnjí apẹja. Ìjọ aláṣọ funfun ni Sẹ̀tọnjí ń lọ, tó bá ti wọ aṣọ àdúrà, kì í wọ bàtà mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ráìmì, aránṣọ, mùsùlùmí tó ti bá Màmá gbé àgbàlá yẹn láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Bàbá Ráìmì kò sọ rí pé àwọn wà nínú ìjókòó. Ṣùgbọ́n tí Màmá bá ti la ẹnu, ẹsẹ̀ wọn á kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tí ìtàn bá wá dé ibi tí ìgbàgbọ́ tiwọn kò gbà, wọn kò ní jiyàn, ẹ̀rọ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà. Màmá á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì gbé ohùn sókè díẹ̀.

Màmá kì í kánjú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi sórí ìtàn kan. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, a máa jíròrò rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á rán wa jáde lọ ṣe é.

Mo rántí ti obìnrin ará Samaríà létí kànga. Nílé níbí, ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ni ti omi ìyè. Màmá kò tíì dé ibẹ̀ rárá. "Ó rẹ Jésù," wọ́n ní, "òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò sì ní ohun tó lè fi fa omi. Ó tọrọ. Ẹ lọ tọrọ omi lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí."

Mo rìn títí dé òpin àdúgbò, mo tún rìn padà. Ẹnu mi wúwo. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń fúnni. N kò mọ̀ pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ. Nígbẹ̀yìn, mo dúró níwájú obìnrin Gùn kan tó ń ta tòmátì, mo fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń mumi. Ó wò mí, ó sún àpótí rẹ̀ fún mi, ó wọlé lọ bu omi wá. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀. A jókòó síbẹ̀ títí ó fi tún ọjà rẹ̀ tò. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ọ̀rẹ́ mi. Mo rí i pé mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìtàn yẹn láìmọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí a kan ìtàn àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá. Màmá sọ bí wọ́n ṣe dúró lókèèrè tí wọ́n ń kígbe, bí ara wọn ṣe dá lójú ọ̀nà. "Ni méjì nínú wọn bá padà wá dúpẹ́," wọ́n ní.

"Ọ̀kan ni, Màmá," mo wí.

Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Méjì ni wọ́n padà wá."

Ǹ bá ti dákẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dìde, mo wọ yàrá mi lọ, mo mú Ìwé Mímọ́ mi jáde, mo sì kà á sókè níwájú gbogbo wọn, pé ọ̀kan ṣoṣo ló padà, àjèjì sì ni. Kò tán síbẹ̀. Mo pa ìwé dé, mo ní, "Ẹ ò rí ìwé mọ́, Màmá. Ẹ má fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un."

Màmá fi ọwọ́ pa eteetí ìró wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọ̀kan ni." Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ tọ ògiri wọlé. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n ń tọ ògiri nínú ilé ara wọn. Sẹ̀tọnjí mú bàtà rẹ̀ dání, ó lọ láìwò mí.

Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn Màmá wà ní títì. Ọmọ àbúrò wọn tó ń bá wọn gbé sọ fún wa pé wọ́n ti lọ sí oko ìdílé wọn ní Avrankou, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ, ìjókòó ti parí. A kò tíì dé ìdajì ìtàn.

Àwọn ará àdúgbò kò kẹ̀yìn sí mi. Wọ́n ń kí mi bí wọ́n ṣe máa ń kí mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá Bàbá Ráìmì ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé wọ́n á dá mi láre, nítorí wọ́n fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ ìwé má yí padà.

"Ohun tí ẹ kà lọ́jọ́ yẹn," wọ́n ní, "òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni mo kà á."

Wọ́n fi eyín já òwú. "Ọdọọdún ni mo máa ń gbọ́ ìtàn yẹn láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Ọ̀kan ni Màmá máa ń sọ. Ọdún yìí nìkan ni mo gbọ́ méjì. Tàntí, ẹ̀yin gbọ́ àṣìṣe. Èmi gbọ́ pé nǹkan ń ṣe Màmá."

Mo padà sí yàrá, mo jókòó sórí ibùsùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bọ́ sọ́nà.

Avrankou

Abẹ́ igi ọ̀pẹ ni mo ti bá Màmá, tí wọ́n ń yọ àgbàdo kúrò lára ṣúku rẹ̀ sínú igbá. N kò tíì sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ní, "Tàntí Ìlaròó nìyẹn. O máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì."

Mo kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò kalẹ̀ láti ọ̀nà fò lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Mo dójú tì yín. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde, ilẹ̀ ń gbóná. Gba àgbàdo."

A jọ yọ ọ́ títí igbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò.

"Ìyá mi ló ń sọ pé méjì. Kò mọ̀wé. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé kà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan báyìí, ohùn ìyá mi ń wọ inú ohùn mi. Nígbà mìíràn, n kì í mọ èwo ni mo ń sọ." Wọ́n dá ọwọ́ dúró. "Ojú lọ, mo ní kò burú, ṣebí orí wà. Tí orí náà bá ń lọ, kí ló kù tí mo fẹ́ fi kọ́ èèyàn?"

Ni mo bá bèèrè ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an. "Màmá, nínú ìtàn ìyá yín, ta ni ẹnì kejì?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ onílẹ̀ kan ni. Ìyá mi ní àjèjì yẹn ló fẹ́ padà lọ dúpẹ́, kò sì mọ ọ̀nà dáadáa. Ni ọmọ onílẹ̀ bá ní kò burú, òun á mú un lọ. Ìyá mi kò lè gbà kí àlejò dá rìn."

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, mo sunkún.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ padà wá, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n máa jókòó tì yín. Ibi tó bá ti dà pọ̀ mọ́ yín lójú, ẹ fọwọ́ kan orúnkún mi, màá sọ ọ́ sí yín létí."

"Sí etí?"

"Sí etí nìkan."

Wọ́n gbé igbá àgbàdo náà wò bóyá ó wúwo. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ parí èyí ná," wọ́n ní. Ọjọ́ méjì la fi parí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, a jọ padà sí Akron.

Àjíǹde

Kò sí ẹni tó bi wá ní nǹkan kan. Gbogbo wọn padà sí ààyè wọn, ẹsẹ̀ Bàbá Ráìmì sì kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo jókòó ní apá ọ̀tún Màmá. Láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ wọn kì í sábà kan orúnkún mi. Nígbà tí a fi máa dé Jerúsálẹ́mù, ó ti ń kàn án léraléra, èmi náà sì ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú etí tí ẹlòmíràn kò fi ní mọ̀. Ìwé mi wà lórí itan mi, ṣùgbọ́n ẹnu Màmá ni mo ń wò. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ bí ìgbà tí n kò gbọ́ ọ rí, bí Jésù ṣe ń lo gbogbo àkókò rẹ̀ lórí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, tí kì í kánjú kọjá lọ.

Lọ́jọ́ tí a sọ ti àgbélébùú, ẹ̀rọ ìránṣọ dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn tí a parí, Bàbá Ráìmì jáde wá, wọ́n gbé omi fún Màmá, wọ́n sì jókòó tì wọ́n.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìtàn bí Jésù ṣe dáná létí òkun lẹ́yìn tó jíǹde ló kàn. Sẹ̀tọnjí gbé ẹja wá ní àárọ̀ kùtù, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Màmá ní àwọn fúnra wọn ni yóò yan án. A jókòó yí iná èédú ká, a fi àkàsà jẹ ẹ́ gbóná-gbóná, Màmá sì ń sọ bí Olúwa ṣe pe àwọn tó sá fi í sílẹ̀ wá jẹun, tí kò bi wọ́n pé níbo ni wọ́n sá lọ. Wọ́n sọ bó ṣe bi Pétérù lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun. Mo ti múra sílẹ̀. Ọwọ́ wọn kò kan orúnkún mi. Wọ́n sọ ọ́ láti òkè délẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yẹ̀. Bí mo bá jí ní ìdájí nílé níbí, ẹja yẹn ni mo máa ń gbóòórùn.

Màmá ti sùn nínú Olúwa báyìí. Bàbá Ráìmì ló pè mí lórí fóònù nínú ọyẹ́ tó kọjá. Wọ́n ní Màmá kò ṣàìsàn púpọ̀. Mo lọ síbẹ̀ láti bá wọn dárò, mo sì mumi kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Kraké

Ọjọ́ tí mo ń padà bọ̀ wá sílé lẹ́yìn Àjíǹde yẹn, Màmá kò gbà kí ẹlòmíràn sìn mí. Wọ́n ní àwọn á dé bodè. Bàbá Ráìmì tẹ̀ lé wa. Bodè Kraké kún fún ọkọ̀ ẹrù àti àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù lọ, tí wọ́n ń ru ẹrù bọ̀. A fi Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ òjìji. Wọ́n gbá orí mi mú, wọ́n gbàdúrà sí i. Wọ́n ní, "Tó o bá dé ibi tí wọ́n ti ń wo ìwé ìrìnnà, dúró kí n juwọ́ sí ọ."

Bàbá Ráìmì gbé báàgì mi débi tí wọn kò ti lè kọjá mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Màmá ti dìde dúró. Wọ́n ń juwọ́, gbogbo apá wọn ni wọ́n gbé sókè, ojú wọn sì tàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibòmíràn ni wọ́n kọjú sí, ọ̀nà tí àwọn aláàárù obìnrin ń gbà wọlé.

Àwọn obìnrin náà rò pé àwọn ni ìyá arúgbó náà ń kí. Ẹni tó ṣáájú juwọ́ padà. Ẹnì kejì náà juwọ́. Ọ̀kan tó ru ẹrù gíga lórí dúró, ó di ẹrù rẹ̀ mú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ń bá Màmá sọ̀rọ̀. Mo rí i tí Màmá ń mi orí, tí wọ́n ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ráìmì ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ yí ojú wọn sọ́dọ̀ yín."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá," mo wí.

Mo gbé ọwọ́ tèmi sókè. Mo dúró síbẹ̀ títí ìlà àwọn obìnrin náà fi kọjá níwájú Màmá tán, lẹ́yìn náà ni mo gbé báàgì mi.